Àkíyèsí tó sún kúrò nídìí ọ̀rọ̀: ọdún kan pẹ̀lú áàpù àyẹ̀wò ìwé

Ó pé ọdún kan tí mo ti ń lo áàpù yìí. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn olóòtú ẹlẹgbẹ́ mi mọ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ń fi ṣàyẹ̀wò ìwé iṣẹ́ Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ girama: èmi ní Ìbàdàn, ẹnì kan ní Ọ̀yọ́, àti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Peckham, nílùú London. Kálukú á fi àwọ̀ tirẹ̀ kun ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí a tún ṣe nínú PDF náà, á sì kọ àkíyèsí rẹ̀ sí etí ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n wa pè mí. A ò tíì kíra tán tó fi béèrè pé, “Àbúrò, ta ló yí gbólóhùn ojú ìwé 47 padà?”

Ẹni tó tẹ ìwé náà ló kọ́kọ́ gbàgbé àmì ohùn níbẹ̀: “Ọkọ tó gbé ọkọ rẹ̀ wá ti lọ.” Ọkọ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́. Mo kun ún, mo sì kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé, “Ẹ fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí sílébù kejì.” Nígbà tí a gbé ẹ̀dà kejì fáìlì náà sórí áàpù, àkíyèsí mi kúrò níbi tí mo fi sí, ó lọ bà lé ọkọ kejì. Ẹni tó ń to ìwé ṣe ohun tó kà: “Ọkọ tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá ti lọ.” Yorùbá tó dán mọ́rán ni, ìdí nìyẹn tí ojú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀ láìfura. Ìbéèrè abẹ́ rẹ̀ sì ń bi ọmọ pé, “Kí ló gbé ọkọ rẹ̀ wá?” Ibo ni ọmọ náà yóò ti rí ìdáhùn?

Inú bí mi gan-an. Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì yẹ ìwé náà wò títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì rí i pé bí àkíyèsí bá ṣe sún mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó ni ó ṣe ń jìnnà sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà. Òṣìṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ní kí n pa áàpù rẹ́, kí n tún gbà á sílẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n lo íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo fi àwòrán ojú ìwé méjèèjì ránṣẹ́, mo fi pupa yí ọ̀rọ̀ méjèèjì ká; èsì rẹ̀ ni pé kí n yọ àwọn àmì orí lẹ́tà wọ̀nyẹn kúrò bí mo bá fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ó wá pa ẹjọ́ náà dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti yanjú. Èyí dùn mí ju àṣìṣe náà fúnra rẹ̀ lọ.

Mo tún ẹjọ́ náà ṣí, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kọ́kọ́ tọrọ fáìlì méjèèjì lọ́wọ́ mi. Kò tó wákàtí méjì tó fi rí ìdí rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, fún “ọ̀”. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ kọ ọ́ ní ẹyọ mẹ́ta: o, àmì ìdí, àmì ohùn. Ẹni tó ń to ìwé ti pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀dà kejì sì kọ ọ́ ní ẹyọ méjì. Unicode gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ojú kò sì lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ ni áàpù náà ń kà láti òkè ojú ìwé. Lẹ́tà alámì mọ́kànlá ló ṣáájú ọ̀rọ̀ mi lójú ìwé 47, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti fi ẹyọ kan dín kù. Mo fi ìka ka “Ọkọ tó gbé” pẹ̀lú àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà á, tó ka g àti b sí méjì: mọ́kànlá géérégé!

Ó ṣàlàyé pé ìlànà tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, gbé jáde ní 2017 gbà kí a fi ọ̀rọ̀ náà gan-an, pẹ̀lú ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e, dá ibi tí àkíyèsí wà mọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ni áàpù náà ti ń ṣe. Arábìnrin yìí dá àkíyèsí wa padà sáyè wọn, ó sì kọ àwọn tí kò dá a lójú sílẹ̀ kí a lè fojú ara wa wò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì tẹ̀lé e, mo lè máa kọ àkíyèsí lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà. Owó dọ́là tí wọ́n ń gbà ló ń ni wá lára. Bí ẹ bá sì fi “ọkọ̀” ṣe àwárí, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ni yóò kó jáde pọ̀ títí di òní. Kí ẹ tó gbé ẹ̀dà tuntun sórí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi àkíyèsí yín pamọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. A ti san owó ọdún kejì.