Ali Daei agbábọ́ọ̀lù àti Ali Daei kóòṣì, èwo lẹ máa mú?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Daei tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè fi wé e ní Iran. Ọmọ Ardabil ni, ó kàwé ẹnjiníà ní Yunifásítì Sharif, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù ló gbé e dé Bayern Munich àti Hertha Berlin ní Jámánì. Góòlù tó gbá wọlé fún Iran lé ní 100, ó di 2021 kí Ronaldo tó kọjá ẹ̀. Ẹ rántí 1999 tí Chelsea wá bá Hertha ní Berlin, 2-1 ni, Daei nìkan ló gbá méjèèjì sáwọ̀n!

Kóòṣì wá ńkọ́? Ibí ló ti ń dùn mí. Saipa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Iran, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù ó tún ń ṣe kóòṣì, wọ́n sì gba líìgì 2006/07, ni wọ́n bá sáré gbé tíìmù orílẹ̀-èdè fún un ní 2008, ó yá jù lójú tèmi. March 2009, pápá Azadi ní Tehran, Iran ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Saudi dá a padà, nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè dún Saudi tún gbá ìkejì, bí Iran ṣe lé Daei nìyẹn o.

Agbábọ́ọ̀lù lèmi máa mú. Àmọ́ ẹni tó bá ní kò mọ iṣẹ́ kóòṣì ń parọ́, ó gba ife Hazfi, ìyẹn ife tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Iran ń dù, lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Persepolis, ó tún gbà á pẹ̀lú Naft Tehran ní 2017.