Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún oníṣọ́ọ̀bù tó bá ní etí yín ò tíì mọ orin gbọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra áńpílífáyà àti sípíkà olówó ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí níbòmíràn ní Ìlú Ọba, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó. Kì í ṣe gbogbo oníṣọ́ọ̀bù ló burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò, wọ́n á wá béèrè iye tẹ́ ẹ fẹ́ ná. Ẹ sọ iye tán, wọ́n á yínmú, wọ́n á ní etí yín ò tíì mọ orin gbọ́. Ẹ má rò pé ìgbéraga lásán ni o, ọjà ni wọ́n ń fi tà. Ojú á tì yín, ẹ ò ní lè béèrè ohun tó yẹ, ẹ ó sì máa fowó lé owó kí wọ́n má baà fojú tálákà wò yín.

Ibi tí wọ́n ti ń rí èèyàn mú jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń fi áńpílífáyà méjì wéra. Wọ́n á kọ́kọ́ lo èyí tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n, wọ́n á wá yí orin sórí olówó gọbọi, ẹ ó sì gbọ́ pé ìkejì yìí mọ́ gaara ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọn ò sọ ni pé ó ń ké ju èkíní lọ. Kó fi decibel 1 péré (decibel ni wọ́n fi ń wọn ariwo) jù ú, etí lè má mọ̀ pé ariwo ló pọ̀ sí i, ohun tó máa sọ fún yín ni pé èyí dára jù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe màgòmágó kankan. Agbára áńpílífáyà méjì kì í dọ́gba bí bọ́tìnnì wọn bá tiẹ̀ wà lójú kan náà. Ẹ mú multimeter, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná, dání kẹ́ ẹ lè rí i pé ariwo àwọn méjèèjì dọ́gba. Ẹ ní kí wọ́n gbé ohùn ìdánwò 400 Hz (ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí i, torí multimeter olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ka ohun tó ga jù bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ wọn volt AC ní ẹnu ibi tí wáyà ti wọ sípíkà. Bí èkíní bá ka 2.00, ìkejì ò gbọdọ̀ ju 2.04 lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí 1.96. Ẹni tó bá kọ̀ fún yín láti wọ̀n ọ́n, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà tó so áńpílífáyà mọ́ sípíkà ńkọ́? Wáyà bàbà 2.5 mm² tó gùn ní mítà 5, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀, kò ju nǹkan bí 0.07 ohm lọ (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́). Lára sípíkà 8 ohm, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kí lẹ wá fẹ́ fi wáyà £800 ṣe?

Èyí tó léwu jù ni "ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 300 ná, yóò mọ́ra." Ẹ ṣírò rẹ̀: bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ orin fún wákàtí 2 lójúmọ́, 150 ọjọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 30 péré ni Consumer Rights Act ti 2015, òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Ìlú Ọba, fún yín láti dá ọjà tó lábùkù padà kẹ́ ẹ sì gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún wọn láyè láti tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, rọ́bà tó yí kọ́ọ̀nù sípíkà ká lè rọ̀ díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan. Kò nílò oṣù márùn-ún. Tó bá ń kùn, tó ń hó, ẹ kọ lẹ́tà sí oníṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò dáadáa. Bí ojú wáyà bá ti ha ibi tí wọ́n ń de wáyà mọ́, tàbí nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ò bá ti páálí mu, ọjà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà gbọ́ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín ní iye tuntun.

Bẹ́ ẹ bá rà á nínú ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ wá yí ọkàn padà, òfin ò ní kí wọ́n gbà á padà, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Ọjà tẹ́ ẹ bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni òfin fún yín ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lé lórí. Káàdì kírẹ́díìtì ni kẹ́ ẹ sì fi san án, ì báà ṣe àsansílẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀: bí ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000, ilé iṣẹ́ káàdì náà máa jẹ nínú ẹ̀bi bí oníṣọ́ọ̀bù bá da àdéhùn. Káàdì báńkì lásán (debit) ò ní ẹ̀tọ́ yẹn.