Ìpolówó Google àti Ojú-òpó Ìrànwọ́: Èwo Ló Yẹ Oníṣọ́fítíwíà?

Ìpolówó Google, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000 lábẹ́ orúkọ AdWords, yára: ẹni tó sanwó láàárọ̀ lè rí àlejò lórí ojú-òpó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ ni owó ń jáde, yálà ó ra ọjà tàbí kò rà á, ọjọ́ tí owó bá sì tán ni ẹsẹ̀ àwọn àlejò dá.

Ojú-òpó ìrànwọ́, ìyẹn ojú-òpó tí ẹ ti ń fún àwọn èèyàn ní ìmọ̀ràn tàbí irinṣẹ́ tó wúlò fún wọn, kì í yá bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí àwọn èèyàn tó máa rí i. Síbẹ̀, ẹ wo Mint, sọ́fítíwíà ìṣètò owó tó wà ní Amẹ́ríkà títí di 2024: kí ó tó jáde ní 2007 ni wọ́n ti ń kọ ìmọ̀ràn nípa gbèsè àti owó ìfipamọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lórí ojú-òpó wọn. Ní 2009, Intuit, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà owó, rà á ní mílíọ̀nù 170 dọ́là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìmọ̀ràn yẹn nìkan ló gbé e débẹ̀.

Ká ní sọ́fítíwíà owó oṣù lẹ ń tà. Ojú-ewé kan tí akọ̀wé owó lè tẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ sí, kí ó sì rí iye owó orí tí wọn yóò yọ, wúlò lójú mi ju ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tó ń yin ọjà yín lọ, nítorí ẹni tó ń padà wá lóṣooṣù yóò ti gbẹ́kẹ̀ lé yín kí ọ̀rọ̀ rírà tó wáyé. Ojú-òpó ni mo fara mọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó fi ìpolówó díẹ̀ wádìí ohun tí àwọn èèyàn ń wá ná, kí ó tó kọ ọ́.