Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ra Iṣẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀ Oneida ní Wisconsin

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní agbègbè Green Bay, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí ó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ títì gba dọ́là 480 lọ́wọ́ mi nítorí àpò àrán pupa kan, tí ó ní ìyá àgbà òun, ọmọ Oneida (ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà), ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ìlẹ̀kẹ̀ sí i. Dọ́là 480!

Kì í ṣe pé n kò mọ nǹkan kan. Mo ti ka nípa Karen Ann Hoffman, ọmọ Oneida tí ìjọba Amẹ́ríkà dá lọ́lá ní ọdún 2020 nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an, mo sì mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ wọn kì í sùn sílẹ̀ lórí aṣọ, nítorí pé ẹni tí ń rán an máa ń kó iye tí ó ju àyè lọ sórí òwú, kí wọ́n lè tẹ̀ bí ọrun kí wọ́n sì yọ sókè. Ti àpò yìí náà yọ sókè. Nígbà tí mo délé ni òdòdó ìlẹ̀kẹ̀ kan lára rẹ̀ ṣí létí. Mo fi èékánná gbé e, gọ́ọ̀mù gbígbẹ sì tú sí mi lọ́wọ́ pẹ̀lú fóòmù funfun tí wọ́n fi gbé ìlẹ̀kẹ̀ oníke náà ga. Kò sí ojú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Èmi tí bàbá mi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ adé ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè! Ọkọ mi bi mí bóyá mo yí àpò náà padà wo kí n tó sanwó. N kò yí i padà. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tẹ̀dùntẹ̀dùn, ta ni yóò máa tú àpò ìyá àgbà olóògbé wò níṣojú ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Ó tún fún mi ní ènì: bèbí tí wọ́n fi háhá àgbàdo ṣe, tí wọ́n kun ojú méjì àti ẹnu pupa sí. Bèbí háhá àwọn Haudenosaunee, tí Oneida wà lára wọn, kì í ní ojú, nítorí ìtàn wọn sọ pé ẹwà ara rẹ̀ ni ó ń wò nínú omi títí Ẹlẹ́dàá fi gba ojú náà. Mo mọ ìtàn yìí, mo sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ ènì.

Olè ni. Láti ìgbà náà ni n kò ti gba òǹtajà kankan gbọ́, títí kan ìyá aláta tí kò ṣẹ̀ mí rí.

Ẹ yí ọjà padà, ẹ wá òwú. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti ẹ̀yà rẹ̀, kí òǹtajà kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Òfin ọdún 1990 ka irọ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí ọdún márùn-ún bí iye ọjà náà bá tó dọ́là 1,000; Indian Arts and Crafts Board, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó sì ń gba ẹ̀sùn. Mo ti kọ tèmi, ṣùgbọ́n “àpò 1” péré ni ó wà lórí rìsíìtì mi. Bí ó bá ta nǹkan fún ẹnikẹ́ni nínú yín, tí ó sì kọ “Oneida” sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sọ ìwé náà nù; ẹ kàn sí mi.