Kedarnath tàbí Tungnath? Orúnkún mi ló ń dáhùn

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Tẹ́ńpìlì Shiva, òrìṣà ńlá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ni méjèèjì, lórí òkè ní Íńdíà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ Shiva, ẹ lọ sí Kedarnath. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ fojú rí tẹ́ńpìlì àtijọ́ lórí òkè gíga ni, Tungnath ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ fi Kedarnath sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Mo dé ibi méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù Ọ̀wàrà 2022, nígbà tí mò ń kàwé ní Dehradun. Kedarnath, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tungnath, márùn-ún géérégé. Ilé-iṣẹ́ tó kó wa lọ, ẹ ṣì máa bá a pàdé nísàlẹ̀.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin tá a jọ ń gbélé, àti ọmọ kíláàsì mi kan tó jẹ́ ọmọ Garhwal, ìyẹn ilẹ̀ olókè tí àwọn tẹ́ńpìlì náà wà, ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, lápá àríwá Íńdíà. Ìyá ọmọkùnrin yìí ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ òun bá ríṣẹ́, òun á fẹsẹ̀ rìn lọ dúpẹ́. Iṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá ti wú, ni ọmọ bá ń lọ san ẹ̀jẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n, ìran la lọ wò. Ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni mí, mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan ní Rishikesh la sanwó fún. N ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní àwọn á bá wa forúkọ sílẹ̀, wọ́n ní ilé tá a máa sùn ní omi gbígbóná. Ìforúkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré o: ìjọba ìpínlẹ̀ náà kì í jẹ́ ká gòkè láìsí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2022 tá a lọ. Ìgbà tá a dé Sonprayag, nísàlẹ̀ òkè Kedarnath, tí wọ́n ní ká mú ìwé wa wá la tó mọ̀ pé wọn ò bá wa ṣe nǹkan kan. A pe fóònù wọn, ó ń dún, wọn ò gbé e. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ la ti tò sórí ìlà nínú òtútù láti ṣe ohun tá a ti sanwó ẹ̀. Omi gbígbóná náà? Báàkẹ́ẹ̀tì kan fún èèyàn mẹ́ta. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Rishikesh. Owó tẹ́ ẹ máa fi pamọ́ á ra tíì fún yín dé òkè.

Ọ̀nà láti Rishikesh dé Sonprayag nìkan tó ìran í wò. Òkè wà lọ́tùn-ún, ọ̀gbun wà lósì, odò ń ṣàn nísàlẹ̀. Ní Devprayag, awakọ̀ dúró ká lè wo ibi tí odò Alaknanda àti Bhagirathi ti pàdé. Àwọ̀ wọn ò bára mu rárá, wọ́n á kọ́kọ́ máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún tó ń bínú, kí wọ́n tó wá gbà láti di ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di Ganga.

Nígbà tá a kọjá Srinagar (ti Garhwal o, kì í ṣe ti Kashmir), awakọ̀ mú ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárì, ó fi kan iwájú orí, ó fi kan àyà. Dhari Devi ló ń kí, òrìṣà obìnrin tí tẹ́ńpìlì rẹ̀ wà lórí odò Alaknanda gan-an. Òun ni wọ́n gbà pé ó ń ṣọ́ gbogbo òkè yẹn. Ní ọjọ́ 16 oṣù Òkúdù 2013, wọ́n gbé ère rẹ̀ kúrò níbi tó wà nítorí ìsédò tí wọ́n ń kọ́ láti fi pèsè iná mànàmáná. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, omi ti gba Kedarnath. Àwọn onímọ̀ ní òjò ló pọ̀ jù, pé adágún Chorabari tó wà lókè tẹ́ńpìlì ló ya. Awakọ̀ wa ò bá wọn jiyàn. Ó kàn béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n wò mí, èmi náà wo ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Yorùbá wo lẹ máa sọ fún pé wọ́n gbé òrìṣà odò kúrò níbùjókòó rẹ̀, tó máa ní òun ò mọ ohun tó tẹ̀ lé e?

Jíìpù elérò ló ń gbé èèyàn láti Sonprayag dé Gaurikund, kìlómítà 5. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ yá. Kìlómítà 16 ni, láti nǹkan bíi mítà 2,000 títí dé 3,583. Mo ti gun Òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń fi yangàn. Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi gun ti Kedarnath, mi ò sì tún fi Ìdànrè yangàn mọ́.

Kì í ṣe òkè ló kọ́kọ́ sú mi, ìbaaka ni. Ọ̀nà kan náà ni ẹlẹ́sẹ̀, ìbaaka, àwọn tí èèyàn mẹ́rin gbé sórí àga, àti àwọn tí ọkùnrin kan ṣoṣo pọ̀n sínú apẹ̀rẹ̀ jọ ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, apẹ̀rẹ̀. Mo rí màmá kan tó jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọmọkùnrin kan tí ò sanra tó mi, màmá ń jẹ bisikíìtì, ọmọkùnrin ń làágùn. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ìbaaka ti pò mọ́ ẹrẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, agogo ọrùn wọn ń dún lẹ́yìn yín, ẹ ò sì ní mọ̀gbà tí wọ́n á ti yín. Ẹ rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun fún wọn láé. Ọdún yẹn, ìròyìn àwọn ìbaaka tó ń kú sójú ọ̀nà yẹn kún inú ìwé ìròyìn. Mo rí èyí tó dúró gbọn-in, tí wọ́n ń nà, tí kò mira. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ẹ̀mí mi fẹ́ bọ́, jẹ́ ká háyà ẹṣin," mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí, ẹ jẹ́ ká sinmi ni." A sinmi. A mu tíì. A jẹ Maggi (indómì tiwọn ni, kì í ṣe Maggi ọbẹ̀). Gbogbo ìsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà yẹn ló ń se Maggi, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń bá wa gòkè. Omi ìgò tí wọ́n tẹ rúpíì 20 sí lára, ẹni tó ń tà á ò tiẹ̀ wo ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí mọ́ tó bá ti dé Linchauli lókè lọ́hùn-ún.

Àwọn èèyàn ọ̀nà yẹn dáa ṣá. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ á kí ẹni tó ń gòkè, "Jai Kedar!" Ẹ ó dáhùn. Bí wọ́n bá rí i pé ojú yín ti yí, wọ́n á ní "bas, thoda sa aur", ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀. Ó kù díẹ̀ ní Bheembali. Ó kù díẹ̀ ní Linchauli. Bí kọndọ́kítọ̀ Ọ̀ṣòdì ṣe ń sọ pé ó ku ẹnì kan ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ní Rambara, ọmọ kíláàsì mi dákẹ́. Ó nawọ́ sí òdì kejì odò Mandakini, ó ní ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ìsọ̀ àti ilé ìtura wà. Òkúta funfun nìkan ni mo rí. Ó ju 5,000 èèyàn lọ tó kú tàbí tó di àwátì ní Uttarakhand nínú omíyalé 2013 yẹn, Rambara sì lọ pátápátá. Wọ́n wá la ọ̀nà tuntun sí òdì kejì, òun ló jẹ́ kí ìrìn náà gùn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá kọ́nà mẹ́ta mẹ́rin.

A dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Orí ń fọ́ mi, èémí ò délẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni mo dà bora, mi ò sì sùn. Ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo fẹ́ bínú pé nítorí ilé òkúta eléérú kan báyìí ni: bí ìlú kékeré ṣe rí, gbohùngbohùn ń pariwo, ilé tí wọ́n ń kọ́ yí i ká, ìlà èèyàn lọ bí ejò. Ṣùgbọ́n aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, mo jáde, oòrùn kọ́kọ́ kan orí òkè yìnyín tó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì, òkè tó ga tó mítà 6,940, ó pọ́n, ó wá di wúrà, tẹ́ńpìlì ṣì wà nínú òkùnkùn nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta tí mo fún Kedarnath, méjì nínú rẹ̀ wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n ò wọlé. Ẹnì kankan ò lé wa, àwa fúnra wa la ní ibi tí wọ́n ti ń sin nǹkan wọn kì í ṣe ibi ìwòran. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nandi, akọ màlúù olókùúta tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọmọ kíláàsì wa wọlé lọ san ẹ̀jẹ́ ìyá rẹ̀. A bọ́ bàtà. Bàtà bíbọ́ ò ṣàjèjì sí mi, ọmọ Sẹ̀lẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkúta ní ẹsẹ̀ òkè yìnyín kì í ṣe ilẹ̀ Sẹ̀lẹ́! Nígbà tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ghee, bọ́tà màlúù tí wọ́n yọ́, tí wọ́n fi ń pa òkúta inú ilé náà lára. Òkúta yẹn ò rí bí àwọn òkúta Shiva yòókù, onígun mẹ́ta ni, nítorí iké màlúù ni wọ́n kà á sí. Ìtàn wọn sọ pé àwọn ọmọ Pandu jagun pa ìbátan wọn, wọ́n wá ń wá Shiva kiri láti tọrọ ìdáríjì, Shiva ò fẹ́ rí wọn, ó di akọ màlúù, ó wọlẹ̀. Bhima, ọ̀kan nínú wọn, fà á. Iké rẹ̀ yọ ní Kedarnath, apá rẹ̀ yọ ní Tungnath, ìyókù yọ ní ibi mẹ́ta mìíràn. Ọlọ́run tó ń sá fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ rí i pé ẹ yí lọ sẹ́yìn tẹ́ńpìlì. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí omi yí wálẹ̀ lọ́dún 2013. Ó dúró gangan lẹ́yìn ilé náà, omi pín sí méjì lára rẹ̀, tẹ́ńpìlì ò wó. Bhim Shila ni wọ́n ń pè é báyìí, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi òdòdó bò ó, wọ́n ń forí balẹ̀ fún un. Àwọn kan gbà pé ilé náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ní Adi Shankara, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù ìgbàanì, ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú wa báyìí ni òrìṣà tuntun yìí ṣe délẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù.

Ẹ ó bi mí pé ṣebí hẹlikópítà wà. Ó wà, láti Phata, Sersi àti Guptkashi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. A ò tíì pẹ́ tá a sọ̀ kalẹ̀ tí ọ̀kan fi já nínú ìkùukùu lẹ́bàá ibẹ̀, ní ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀wàrà, èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ a máa yí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọkọ̀ orí wáyà láti Sonprayag, kìlómítà 12.9, tí wọ́n ní á gba ìṣẹ́jú 36. Ó dáa fún ìyá ọmọ kíláàsì mi. Ó dáa fún àwọn ìbaaka pàápàá. Àmọ́ ariwo òkè yẹn á wá di mélòó?

Ó yá, Tungnath. Láti Sonprayag, ẹ padà sísàlẹ̀, ẹ gba Ukhimath, níbi tí wọ́n ń gbé òrìṣà Kedarnath lọ nígbà òtútù, kẹ́ ẹ tó gòkè lọ sí Chopta. Ìrìn tibẹ̀ ò ju kìlómítà 3.5 lọ. Ó ga o, wọ́n tiẹ̀ kà á sí tẹ́ńpìlì Shiva tó ga jù lọ láyé, ṣùgbọ́n wọ́n fi òkúta tẹ́ ọ̀nà rẹ̀, pápá wà lọ́tùn-ún lósì, àgùntàn ń jẹ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi dé e, pẹ̀lú ìsinmi. Ìbaaka wà, wọn ò kàn pọ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Tẹ́ńpìlì náà kéré, òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó dúró bí àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé rẹ̀ tí kò retí ẹnì kankan. Kò ju èèyàn ogún lọ níbẹ̀. Àwòrò kan jáde, ó bi wá pé níbo la ti wá, a ní Nàìjíríà, ó fún wa ní ìrẹsì dídùn lórí ewé láìbéèrè owó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni mo kà á pé àjọ Archaeological Survey of India, tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́, ti rí i pé ilé náà ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì márùn-ún sí mẹ́fà. Mo dúró níwájú rẹ̀ bíi wákàtí kan, mi ò rí i. Bóyá èmi ni mo ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti Kedarnath wá.

Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣì lè gbé yín, ẹ gun Chandrashila, ṣóńṣó òkè tó wà lókè rẹ̀, kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n kírun àárọ̀ níbẹ̀, ó ń wá ọ̀nà Mẹ́kà lórí fóònù, òkè Chaukhamba àti Nanda Devi funfun báláú níwájú wa. Òtútù ò jẹ́ kí n yọ fóònù tèmi láti ya fọ́tò.

Wọ́n máa ń ti tẹ́ńpìlì méjèèjì nígbà òtútù. Kedarnath máa ń ṣí ní ìparí oṣù Igbe tàbí nínú oṣù Ẹ̀bìbì, oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú ni wọ́n ń tì í. Ẹ yẹra fún oṣù Agẹmọ àti Ògún, òjò máa ń ya òkè. Kò sí ẹran, kò sí ọtí, ẹ má dẹ̀ béèrè. Ẹ mú owó kéékèèké dání, ìbọ̀wọ́, rénkóòtù, àti bàtà tó ń di ilẹ̀ mú. Tèmi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbẹ́ ìbaaka ṣì há sí ìsàlẹ̀ ẹ̀.