Ọjọ́ méje nínú igbó Nàmíbíà: ohun tí mo sanwó fún àti ohun tí mo rí gbà

Ọmọ ọdẹ ni mí. Iná kábáàdì tó wà lórí bàbá mi ni mo fi kọ́ bí ojú ẹran ṣe ń tàn lóru, ṣakabùlà sì ni ìbọn tí mo kọ́kọ́ yìn. Nígbà tí mo wá san owó ọdẹ ọjọ́ méje ní Nàmíbíà lóṣù keje, ọkàn mi balẹ̀ pé mo mọ iṣẹ́ náà, ẹran lásán ni mo ń lọ rà. Mo ṣi owó náà kà.

Oko màlúù ni ibi tí mo lọ, lágbègbè Otjiwarongo, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú Hosea Kutako. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ owó kan ṣì wà láàárín wa tí kò tíì yanjú, màá sì dé orí rẹ̀.

Mi ò gbé ìbọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ yóò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní pápákọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ìbọn ìléwọ́ wọlé fún ọdẹ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ lọ́ta. Wọ́n yá mi ní ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní .30-06, tó ní awò ìwo-ọ̀ọ́kán lórí, ogójì dọ́là Amẹ́ríkà lójúmọ́. Ìbọn gidi ni, mi ò ráhùn. Òfin ibẹ̀ ní ọta tí wọ́n fi ń pa kudu tàbí oryx, àwọn ẹran oníwo ńlá bí ìgalà, kò gbọdọ̀ ní agbára tó kéré sí 2,700 joule (òṣùwọ̀n agbára ni joule), èyí sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí ọdẹ amọ̀nà mi (PH, ìyẹn professional hunter, ni gbogbo èèyàn ń pè é) tó jẹ́ kí n rí ẹran kankan, ó gbé pátákó kalẹ̀ ní 100 mítà, ó ní kí n yìnbọn sí i. Lẹ́yìn náà ló mú àwòrán oryx jáde, ó bi mí pé ibo ni màá yìn. Mo fi ìka sí ẹ̀yìn apá, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkàn ẹran tọ̀hún wà nísàlẹ̀, ó sún síwájú, àárín èjìká méjèèjì ló wà: kí n tọ ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè, tí mo bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta ara ẹran, kí n dúró síbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbàgbé. Ṣé ẹ rí i, lórí ìdúró ni wọ́n ti ń yìnbọn níbẹ̀, torí koríko àti ẹ̀gún ò ní jẹ́ kéèyàn rí nǹkan tó bá dùbúlẹ̀. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé ìbọn lé. Mi ò fi irú ẹ̀ dánra wò rí. Àyà mi ń já, ọ̀pá ń gbọ̀n, oryx dúró ní nǹkan bí 140 mítà, mo yìn ín. Ọta bà á, àmọ́ ó bà á sẹ́yìn. Ó sá. PH ò sọ nǹkan kan, èmi fúnra mi ni mo rántí ohun tó wà nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí: ẹran tó bá ti ṣẹ̀jẹ̀, owó rẹ̀ ti di sísan, ì báà sọnù sígbó.

Ibí yìí ni mo ti mọ ohun tí mo sanwó fún. Bàbá kan, ọmọ ẹ̀yà Damara níbẹ̀, ló ń tọ ipasẹ̀ fún wa. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì la rí ní wákàtí àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Àgbájọ ipasẹ̀ màlúù àti ti oryx mìíràn ló kún ilẹ̀. Bàbá ò tẹjú mọ́lẹ̀ bí èmi ṣe ń ṣe, iwájú ló ń wò, ó ń fi koríko tín-ín-rín tọ́ka sí ibi tí pátákò ẹ̀yìn kan ti wọ́ iyanrìn díẹ̀. Ẹ̀gún kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ lédè Afrikaans túmọ̀ sí "dúró díẹ̀", ẹ̀yìn ló kọ orí sí bí ìwọ̀ ẹja. Ó dá mi dúró púpọ̀. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí bàbá tó gbé ọwọ́ sókè. Oryx ti dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi, orí rẹ̀ ṣì ń yí. PH ní kí n tún un yìn láti ibi tí mo wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ súnmọ́ ọn: ìwo ẹran yẹn lè pa kìnnìún. Abo ni, ìwo abo ló sì ń gùn jù, ti akọ ló ń ki. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé bàbá yẹn nìkan ni mò ń díwọ̀n, máàkì ò ní ku ẹyọ kan.

Kudu gba ọjọ́ mẹ́ta. Akọ nìkan ló ń hùwo, ó sì lè dúró sáàárín igi kí ojú rẹ fò ó. PH ní ike eérú kékeré lápò, á fọ́n ọn kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la sì padà sẹ́yìn torí atẹ́gùn ti yí. Lọ́jọ́ kẹrin akọ kan jáde gbangba, mo ti gbé ìbọn lé ọ̀pá, ó ní rárá, ọmọdé ni, ìwo rẹ̀ ò tíì yí tó. Owó ló kọ̀ yẹn o. Àtìgbà náà ni mo ti fọkàn tán an. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni tiwa jáde. Mo tọ ẹsẹ̀ iwájú lọ sókè bó ṣe sọ, kò rìn ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Mo ti bi í lọ́sàn-án ọjọ́ náà bóyá a lè fi iná wá a tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó wá ká lọ jalè. Òfin ibẹ̀ ò gba ọdẹ òru, ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ó parí.

Springbok, ẹran oníwo kékeré kan bí ẹtu, ò gba wàhálà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ṣubú, irun funfun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí bí abẹ̀bẹ̀, PH ní kí n gbé imú sí i. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Oyin ló ń rùn.

Oúnjẹ dáa, ẹran kudu pẹlẹbẹ tí wọ́n dín lọ́nà àwọn ará Jámánì, iná igi lálaalẹ́. Yàrá tutù gan-an, ẹ kó aṣọ òtútù. Ẹran tí ẹ bá pa, ti oko ni, ẹ ò ní gbé e wálé, ìwo àti awọ nìkan ni tiyín. Àwọn èèyàn mi tó ti ń retí ẹran gbígbẹ ò tíì dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ owó ni ẹ̀sùn mi. Mo mọ̀ pé owó ojúmọ́ lọ́tọ̀, owó ẹran téèyàn bá pa lọ́tọ̀. Mo bi wọ́n nínú lẹ́tà kí n tó lọ pé ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ ni wọ́n tó gbé ìwé mìíràn kalẹ̀: owó sísè ìwo, iyọ̀ awọ, àpótí, ìwé dókítà ẹran, owó ọkọ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àròpọ̀ rẹ̀ ju owó oryx lọ. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò yẹ kó gbowó. Mo bi wọ́n ni, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, títí dórí àpótí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Síbẹ̀ mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, láti bèèrè bóyá bàbá olùtọpasẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀ lóṣù kẹfà tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ owó ìwo ni wọ́n ṣì ń fèsì sí, wọn ò tíì dáhùn ti bàbá.