Ta Ló Yẹ Ká Gbé Orí Fún? Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Onídìrí Láti Orí Àga Dé Iwájú Dígí

Irun dídì kò le kọ́. Ẹni tó bá fojú sí i, tó sì jókòó ti ọ̀gá rẹ̀ dáadáa, á mọ irun là, á mọ irun dì, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán wífóònù. Ohun tó ń mú kí oníbàárà tẹ̀ lé onídìrí kan fún ọdún 10, kó sì sá fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìwà ni. Ẹnu ọ̀nà kọ́ la ti ń rí ìwà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Àárín iṣẹ́ ló ti ń yọjú. Ìdí nìyẹn tá a fi gbé iṣẹ́ yìí sórí òṣùwọ̀n láti ìgbà tí oníbàárà bá ti jókòó títí tó fi wo dígí. A kò wo àga, a kò wo ẹ̀rọ amúlétutù, a kò sì béèrè bí wọ́n ṣe kun ògiri.

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ ti máa ń sọ púpọ̀. Onídìrí tó mọ ohun tó ń ṣe kì í tètè mú ìlarun. Á tú irun náà sílẹ̀, á ti ìka bọ̀ ọ́, á yí orí síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, á wo ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, torí ibẹ̀ ni egbò àti làpálàpá máa ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló máa béèrè: kí lẹ fi sí irun yìí kẹ́yìn, ìgbà wo sì ni? Ìbéèrè ńlá ni. Rílásà (oògùn tó ń na irun) tó ní kẹ́míkà sodium hydroxide àti oògùn jẹ́rì kọ́ọ̀lù (èyí tó ń ká irun) tó ní kẹ́míkà thioglycolate kò gbọdọ̀ pàdé lórí irun kan náà. Bí wọ́n bá pàdé, irun á máa já wá sínú básíà níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Á tún mú ẹyọ irun kan tó tutù, á fà á jẹ́jẹ́. Irun tó lera máa ń nà, á sì padà sí bó ṣe wà. Èyí tó bá nà bíi gọ́ọ̀mù tí kò padà, tàbí tó já pàá, kò yẹ kí kẹ́míkà kankan kàn án lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ onídìrí ló ń fìdí rẹmi níbí. "Irun wo lẹ fẹ́ ṣe?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn, òun náà sì ni ìkẹyìn.

Tí wọ́n bá ní ká pín máàkì 10 fún ìwà onídìrí, 4 nínú rẹ̀ la máa gbé fún ẹnu tó lè sọ pé rárá. Oníbàárà á gbé fóònù dé, á na àwòrán síni: irun wẹ́wẹ́, gígùn dé ìdí. Bẹ́ẹ̀ irun iwájú orí tirẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ bí òwú. Ẹni tí owó ọjọ́ yẹn ti wọ̀ lójú á ní kò sí wàhálà. Èyí tá à ń yìn á ní: "Àǹtí, ẹ má bínú, etí irun yín kò lè gbé e. Ẹ jẹ́ ká dì í ńlá, kó mọ ní èjìká, ká má sì fi atáṣímẹ́ǹtì sí tiwájú rárá." Ẹ wò ó, kò lé oníbàárà lọ, ó fún un ní nǹkan mìíràn mú dání. Rárá tí kò ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn, ìgbéraga lásán ni. Irun pípa láró náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ aró tí kì í ṣí bọ̀rọ̀ ló ní PPD, kẹ́míkà kan tó ń mú aró dúró, nínú, ara àwọn kan kì í gbà á, orí àti ojú wọn lè wú. Ńṣe ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ kan ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgbọ̀nwọ́, kí wọ́n sì dúró fún wákàtí 48. Oníbàárà á ní òde ń bẹ lọ́la. Onídìrí tó bá torí òde yẹn fo ìdánwò náà ti pàdánù máàkì lọ́wọ́ wa.

Orí rílásà la ti ń mọ ẹni tó ní àkíyèsí. Nǹkan yìí kò ṣeé fojú ìpara wò: pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n ásíìdì àti álíkálì, tí 14 jẹ́ òkè álíkálì) máa ń wà láàárín 12 sí 14, ohun tó ń fọ́ agbára irun láti inú kó lè nà, kò sì mọ̀ pé awọ orí kọ́ ni wọ́n rán òun sí. Kí oníbàárà má fọ orí, kó má sì họ ọ́, fún wákàtí 48 ṣáájú. Kí wọ́n fi fásílìn yí etí irun ká, kí ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́ rí tiwọn gbà. Ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n pín orí sí ọ̀nà 4, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi tí irun ti le jù, kí etí irun níwájú sì jẹ́ ìkẹyìn, torí òun ló ń tètè gba oògùn. Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ni rílásà gbọ́dọ̀ kàn. Irun máa ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.25 lóṣù, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 8 kò lè fúnni ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ láti fọwọ́ ṣiṣẹ́ lé. Onídìrí tó bá gbà láti tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, kò sí ọgbọ́n tó fẹ́ dá tí oògùn kò fi ní gun irun tó ti jinná tẹ́lẹ̀. Ibi tí tuntun ti pàdé ti àtijọ́ yẹn gan-an ni irun á ti máa já. Wọ́n á wá ní ìpara tí oníbàárà ń lò nílé ló fà á.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa ń sọ lórí àga.

"Mà, ó ti ń ta mí o."

"Fara dà á díẹ̀, kò tíì jinná."

Ìdáhùn yẹn ti ba iṣẹ́ náà jẹ́. Títa tó ń ta á, awọ orí ló ń jó. Irun kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó láàánú lójú á gbé orí náà sábẹ́ omi lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìdajì irun ṣì le gbagidi. Fífọ̀ náà sì ní sùúrù tirẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fẹ́, kí wọ́n sì jẹ́ kó ṣàn fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán kí ṣampú tó kàn án. Ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Ṣampú tó ń pa agbára rílásà ló kàn. Àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń yọ fóòmù píǹkì tí oògùn bá ṣì kù lórí, á sì di funfun tó bá ti tán. Ọwọ́ tó bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dáwọ́ dúró torí pé fóònù ń dún, iná ló fi sílẹ̀ lábẹ́ eérú.

Nínú irun dídì, etí tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ là ń wá. Irun tó fún jù kì í pẹ́ sọ̀rọ̀: awọ iwájú orí á ga bí ìgbà tí wọ́n fi òwú gbé e, àwọn kókó kéékèèké á yọ sí ìdí irun, oníbàárà kò sì ní lè fi orí lélẹ̀ lálẹ́. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, irun ẹ̀gbẹ́ etí á bẹ̀rẹ̀ sí í re. Tí wọ́n bá tètè jáwọ́, ó máa ń padà hù. Tó bá pẹ́ títí tí ìdí irun di àpá, kò ní hù mọ́ láé. Ìwúwo atáṣímẹ́ǹtì ló ń dá kún un. Èyí tí wọ́n so kókó rẹ̀ mọ́ ìdí irun láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń gbé gbogbo ẹrù lé ìdí. Nínú èyí tí kò ní kókó, irun oníbàárà fúnra rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dì ní ìdì 3 tàbí 4, kí wọ́n tó máa fi atáṣímẹ́ǹtì bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n orí á fúyẹ́. Kí iye atáṣímẹ́ǹtì sì bá fífẹ̀ irun tí wọ́n là mu. Ẹni tó la irun tín-ínrín tó wá gbé ẹrù ńlá lé e, bí ìgbà téèyàn fi òwú fa kẹ̀kẹ́ ni. Tí oníbàárà bá ní "ó fún jù", kí wọ́n tú ìyẹn, kí wọ́n tún un dì. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Àwọn tó ń sọ pé "á rọ̀ tó bá di ọ̀la" ló ń dá àwọn tó ń ta ìpara iwájú orí lọ́lá.

Ojú aago ńkọ́? Irun wẹ́wẹ́ lè gba wákàtí 6, ó lè gba 8, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà lórí ìyẹn bí wọ́n bá sọ ọ́ ṣáájú. Ẹni tó ní wákàtí 3, tó sì ti fún ẹni méjì mìíràn ní àkókò kan náà, irọ́ ló pa.

Ìmọ́tótó yá sọ. Kí wọ́n yọ irun kúrò lára ìlarun, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n wá rì í sínú oògùn apakòkòrò fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 10, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ. Àwọn tó ń ju ìlarun tó kún fún òróró tààrà sínú oògùn ń tan ara wọn: òróró kì í jẹ́ kí oògùn dé ara kòkòrò. Ojú ọ̀nà tí làpálàpá ń gbà bọ́ sórí ọmọ kejì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí kò gùn. Orí àga yẹn ni oníbàárà ti ń tú ikùn. Bí onídìrí bá ń ròyìn ẹni tó lọ fún ẹni tó jókòó, ẹni tó jókòó mọ̀ pé òun ló kàn.

Ohun tó kẹ́yìn ni èyí tá ò fi bẹ́ẹ̀ rí lọ́wọ́ wọn: ìwé àkọsílẹ̀. Kò ju ìwé kékeré kan lọ, ojú ewé kan fún oníbàárà kan. Wọ́n rò pé orí àwọn á gbé gbogbo rẹ̀, títí dìgbà tí oníbàárà bá padà dé lẹ́yìn oṣù 3 tí wọn kò sì rántí bóyá rílásà tó lágbára ni wọ́n fi sí i ni tàbí èyí tó rọ̀. Nínú èyí tó dára jù, ohun tí wọ́n kọ máa ń rí báyìí: "Rílásà tó rọ̀, ìṣẹ́jú 11. Ó ta á lẹ́yìn etí òsì. Tó bá tún dé, ká fi fásílìn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ká sì fi ibẹ̀ ṣe ìkẹyìn."